Ọkọ̀ Alhaja Tó Ń Fì

Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi pé ẹ̀yìn odi ni mò ń lọ. Ẹni tó bá gbọ̀nà ìlú òyìnbó, bí wọn kò bá gbọ́ ohun tó ń sọ níbẹ̀, kò lè bínú. Kó tó gbéra nílé ló ti mọ̀ pé èdè ibẹ̀ kì í ṣe tòun. Èmi, Ṣábẹ̀ẹ́ ni mo ti wá, lápá ọ̀dọ̀ àwọn tí Faransé jọba lé lórí. Yorùbá ni bàbá mi, Yorùbá ni ìyá mi, mo sì rò pé láti yàrá kan ni mo ti fẹ́ bọ́ sí ìkejì nínú ilé kan náà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo dé Ìwó, mo rí bàbá arúgbó kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, "Ọkú o, bàbá." Bí a ṣe ń kí ènìyàn nílé wa nìyẹn. Bàbá náà gbé ọ̀pá wọn.

"Ta ni òkú? Èmi ni òkú? Ọmọ ta nìyí láàárọ̀ kùtù?"

Bí mo ṣe wọ̀lú nìyẹn.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti sọ mí ní Àgànyìn. Gbogbo ẹni tó bá ti ìhà ọ̀hún bodè wá, Àgànyìn ni wọ́n ń pè é, ìbáà jẹ́ Ẹ̀gùn, ìbáà jẹ́ ará Togo. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, n kì í ṣe Àgànyìn. Yorùbá ni mí bíi tiyín." Wọ́n á gbọ́ mi parí, wọ́n á mi orí, wọ́n á wá ní, "A gbọ́, Àgànyìn."

Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo wá ṣe. Oníṣòwò obì kan tó máa ń ti Ìwó wá sí Kútọnu ló bá mi sọ̀rọ̀ ibẹ̀, ó ní ọ̀gá kan wà tó ń wá ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá. Ọ̀gá Lásísì ni wọ́n ń pè wọ́n, ọkùnrin kúkúrú kan tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣépè ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Bí bóòtù bá kọ̀ tí kò tú, tí ọwọ́ ènìyàn sì bó, "Allahu Akbar" nìkan ni wọ́n gbà kí a ké. Ṣọ́ọ̀bù náà wà lẹ́bàá ọ̀nà Ìbàdàn, lábẹ́ igi máńgòrò ńlá kan.

Ọ̀gá á nà sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n á na ọwọ́ síta, wọ́n á ní, "Sípánà." Màá dúró, màá máa wò. Kulé là ń pe sípánà nílé, bí àwọn Faransé ṣe fi sílẹ̀ fún wa. Búréèkì, fùrẹ́ǹ la mọ̀ ọ́n sí. Ọwọ́ mi mọ iṣẹ́, ẹnu mi ni kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá á yọ orí síta, wọ́n á wò mí bí ẹni tó ra ẹṣin tí kò lẹ́sẹ̀.

"Ṣé irọ́ ni olóbì yẹn pa fún mi ni?"

Yàrá tí mo gbà wà lẹ́yìn ilé Alhaja Sàlámọ̀, obìnrin kan tó ti ń dàgbà, tó máa ń kó gaàrí láti Ìwó àti Ilé-Ogbó lọ tà ní Ìbàdàn. Alhaja ga, wọ́n pupa, ohùn wọn sì le tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń kí ènìyàn, ẹni náà á rò pé wọ́n ń bá òun jà ni. Wọ́n ní ọkọ̀ kan, sitéṣọ̀n-wágọ̀n elẹ́yìn gígùn. Awakọ̀ wọn ń jẹ́ Jímọ̀. Bí Jímọ̀ bá di àpò gaàrí sínú ọkọ̀ náà tó kún, á tún di òmíràn lé òrùlé, á fi okùn gbá a pọ̀, ọkọ̀ á wá rí bí aláàárù tó ru ju ara rẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ yìí ni wàhálà tó kọ́kọ́ bá mi nílẹ̀ àjèjì. Kì í pẹ́ tí Alhaja fi máa ń gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n sì máa ń mú wá.

"Lásísì, ó ń fì."

"Alhaja, a ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì rẹ̀. A ti pààrọ̀ sípíríìnì."

"Mo gbọ́. Ó ṣì ń fì."

"Alhaja, kò sí ọkọ̀ tí kì í fì ní kọ́nà."

"Ẹ máa wí bẹ́ẹ̀. Èmi ò ní wọ̀ ọ́."

Òtítọ́ ni, wọn kì í wọ̀ ọ́. Jímọ̀ á kó gaàrí lọ, Alhaja á dúró sílé, àwọn oníbàárà Ìbàdàn á sì máa fojú Jímọ̀ gbolẹ̀, torí kò mọ ọjà tà. Ìgbà mìíràn, Alhaja á pinnu pé àwọn yóò lọ fúnra wọn. Wọ́n á wọ ìborùn funfun, wọ́n á jókòó síwájú. Bí ọkọ̀ bá ti dé kọ́nà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìlú, tó rọra fì báyìí, wọ́n á ké, wọ́n á ní kí Jímọ̀ já wọn sílẹ̀. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ rìn padà wálé nínú oòrùn. Èmi tí mo ń gbé ẹ̀yìnkùlé wọn máa ń rí wọn tí wọ́n bá wọlé, eruku á ti bo ìborùn náà.

Mo fi wọ́n ṣẹ̀rín lọ́jọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá Lásísì fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀.

"Má rẹ́rìn-ín. Àbúrò wọn kan wà tó ń jẹ́ Ràbíátù. Àwọn méjèèjì jọ wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n di ẹrù lé e bí Jímọ̀ ṣe ń dì í yìí. Alhaja sọ fún awakọ̀ pé ọkọ̀ ń fì, ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dé kọ́nà tó wà nísàlẹ̀ òkè lọ́nà Ìbàdàn, ó fì, kò sì padà sípò. Alhaja jáde láàyè. Ràbíátù kò jáde."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn ti wọ̀ mí lára.

Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ohun tí a ṣe sí i, ẹ jẹ́ kí n sọ ti tẹlifóònù, nítorí pé bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló sú mi jù nílẹ̀ yẹn, tẹlifóònù ni.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ nìkan ni mo ti lè bá ilé sọ̀rọ̀. Màá kọ́kọ́ rán olóbì sí ìyá mi pé kí wọ́n dúró ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Ṣábẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ báyìí. Lọ́jọ́ náà, màá tò sórí ìlà. Akọ̀wé á pe Èkó, Èkó á pe Kútọnu, Kútọnu á pe Ṣábẹ̀ẹ́, ohùn á wá jáde bíi ti ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. Èmi náà á sì máa pariwo bí ẹni tó ń lé ẹyẹ lóko.

"Màmá! Èmi ni!"

"Ta ni?"

"Èmi! Ọmọ yín!"

"Èwo nínú wọn?"

Àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín.

"Èyí tó wà ní Ìwó!"

"Háà! Ṣé o ń jẹun?"

"Mò ń jẹun!"

"Ó ní kí ni?"

Obìnrin kan tó dúró lẹ́yìn mi, tí n kò mọ̀ rí, tí ìdúró ti sú, na ọrùn sí ẹ̀rọ náà. "Ìyá, ó ń jẹun! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ!"

"Ta nìyẹn?" ni ìyá mi ké. "Ṣé ìyàwó rẹ ni?"

"Rárá o, Màmá, kì í ṣe—"

Tẹlifóònù já. Akọ̀wé pe Èkó, Èkó kò dáhùn mọ́. Nígbà tí olóbì tún dé, ó bá mi yọ̀. Ó ní gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́ ti gbọ́ pé mo ti fẹ́ ọmọ Ìwó kan tó lóhùn bí agogo, ìyá mi ti pín iyán fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn, bàbá mi sì ń bèèrè ìgbà tí wọn yóò wá mọ àwọn àna. Ó pẹ́ kí n tó rí ọ̀nà láti fi sọ fún wọn pé n kò mọ orúkọ obìnrin náà. Mo sì ti fẹ́ sọ fún ìyá mi pé àárò wọn ń sọ mí. N kò rí i sọ. Bóyá bí kò bá tilẹ̀ já, n kì bá tí rí i sọ náà, pẹ̀lú gbogbo etí tó wà lẹ́yìn mi.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọkọ̀.

Ní Kútọnu, ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún ọkọ̀ eré ìje ṣe ni mo ti kọ́ṣẹ́. Irin kan wà lábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní sitabiláísà ní Ìwó. Ó nà láti ìdí táyà ọ̀tún dé ìdí táyà òsì. Bí ọkọ̀ bá wọ kọ́nà, tí ara rẹ̀ fẹ́ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, irin yìí á lọ́ra bí aṣọ tí wọ́n ń fún lómi, á sì máa janpata láti padà sípò. Kò ní gbà kí ẹ̀gbẹ́ kan máa wólẹ̀ kí èkejì máa gòkè. Bó bá tínrín, agbára rẹ̀ kò tó. Bó bá nípọn, ọkọ̀ á dúró gbọn-in. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ Alhaja, mo rí ọ̀kan níwájú, ó tínrín. Ẹ̀yìn kò ní rárá.

Mo sọ fún ọ̀gá. Wọ́n ní, "Àwọn tó ṣe ọkọ̀, o fẹ́ sọ pé wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe?"

"Wọ́n mọ̀ ọ́n, ọ̀gá. Jímọ̀ ni wọn kò mọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí màá pa wọ́n lẹ́rìn-ín nìyẹn. A jọ lọ sí Ìbàdàn, sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin ọkọ̀ àlòkù. A rí ọ̀kan tó nípọn dáadáa lára ọkọ̀ ńlá kan tó ti kọlu igi. Ṣùgbọ́n ó gùn jù, bí wọ́n sì ṣe tẹ̀ ẹ́ kò bá abẹ́ ọkọ̀ Alhaja mu.

"Kò le," ni ọ̀gá wí. "Alágbẹ̀dẹ á tẹ̀ ẹ́."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má fi iná kàn án. Irin yìí, wọ́n ti fi ọgbọ́n mú un le. Bí ó bá tún rí iná lásán, á rọ̀ bí ẹ̀kọ."

"Àgànyìn, ìgbà wo ni irin bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù iná?"

Wọ́n gbé e fún alágbẹ̀dẹ, ó fi iná sí i títí tó fi pọ́n bí ẹyìn, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì fi í sílẹ̀ títí tó fi tutù. A dì í sábẹ́ ọkọ̀. Fún ọjọ́ díẹ̀, ó ṣe dáadáa, Jímọ̀ sì ń yìn wá káàkiri. Lẹ́yìn náà ni irin náà lọ́ lójú títì, tó kọ̀ tí kò padà mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ohùn Alhaja láti ẹ̀yìnkùlé. Mo sáré jáde. Wọ́n dúró níwájú ọkọ̀ wọn lágbàlá, wọ́n káwọ́ lẹ́yìn. Ọkọ̀ tí kì í fì àfi ní kọ́nà ti wá fì sí apá òsì níbi tí wọ́n gbé e sí, láìsí awakọ̀, láìsí ẹrù kankan.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Alhaja wí. "Ẹ ti jẹ́ kó mọ̀ ọ́n ṣe lórí ìdúró."

Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá ti gbọ́. Wọn kò wò mí lójú. Wọ́n kàn ní, "Wọ aṣọ rẹ, ká padà sí Ìbàdàn."

Lọ́tẹ̀ yìí, a tú òkìtì irin títí ọwọ́ wa fi dúdú dé ìgúnpá, kí a tó rí èyí tó bá abẹ́ ọkọ̀ náà mu bó ṣe wà, láìsí pé iná kàn án. Ọ̀gá bá wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa ṣètò ibi tí a ó dè é mọ́, a sì fi rọ́bà tó dára gbá a lọ́rùn. Èmi pẹ̀lú Jímọ̀ gbé e jáde lọ dán an wò lọ́nà Olúpọ̀nnà. Kò fì rárá. Mo ti ń yọ̀ nínú ara mi. Ni a bá dé kọ́nà kan tó ká dáadáa, Jímọ̀ yí ìdarí ọkọ̀, orí ọkọ̀ kọ̀ tí kò yí. Ó kàn ń lọ tààrà bí àgbò tó rí koríko. Ó gba etí títì kọjá, ó gba inú pápá, ó sì dúró sáàárín oko ẹ̀gẹ́.

Àgbẹ̀ tó ni oko rọra rìn wá bá wa, àdá rẹ̀ wà ní èjìká.

"Ẹ káàbọ̀," ló wí. "Ṣé ọ̀nà ti tán ni?"

Jímọ̀ sọ fún mi pé òun kò ní wa ọkọ̀ tí mo bá fọwọ́ kàn mọ́ láyé òun. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún un pé n kò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́ láyé tèmi náà.

Ọ̀gá Lásísì ló rí i. Wọ́n dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n pẹ́ níbẹ̀, wọ́n wá ní, "A ti di iwájú, a kò di ẹ̀yìn. Iwájú le, ẹ̀yìn rọ̀, àwọn méjèèjì kò gbọ́ ara wọn yé." Òótọ́ ni. Ní Kútọnu, tiwájú tẹ̀yìn là ń fi sí i pọ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi rí. A wá ọ̀kan fún ẹ̀yìn, èyí tó tínrín díẹ̀ ju tiwájú lọ, a dè é. Nígbà tí a tún gba ọ̀nà Olúpọ̀nnà, ọkọ̀ náà wọ kọ́nà bí ẹni wọ ilé ara rẹ̀. Jímọ̀ yí padà, ó tún wọ kọ́nà náà. Ó tún yí padà. Nígbà tó yá, àgbẹ̀ oníjọ́sí jáde wá wò wá, ó sì pàtẹ́wọ́.

Inú oṣù ààwẹ̀ nìyẹn bọ́ sí. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni mí, n kò gbààwẹ̀. Ní ọ̀sán, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á dákẹ́, ètè gbogbo ènìyàn á gbẹ. Èmi á mú búrẹ́dì mi lọ sẹ́yìn ọkọ̀ ẹrù kan tó ti kú tipẹ́, màá máa jẹ ẹ́ bí olè. Ọ̀gá wá bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Kí lo ń sá fún?"

"Ẹ̀yin ò jẹun, ọ̀gá."

"Èmi ni mò ń gbààwẹ̀, ìwọ kọ́. Wá jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ wà, kí o jẹun bí ènìyàn."

Mo jókòó síbẹ̀, mo jẹun. Wọn kò mọ̀ pé ó nira fún mi ju ti ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ. Bí ènìyàn bá ń jẹun níbi tí kò sẹ́ni tó máa bá a bu òkèlè, ìgbà náà ló ń mọ bí ilé ṣe jìnnà tó. Alhaja máa ń gbé ẹ̀kọ àti àkàrà sẹ́nu ọ̀nà mi tí wọ́n bá ṣínu. Wọn kì í kan ilẹ̀kùn. Wọ́n á gbé e kalẹ̀, wọ́n á lọ.

Ṣùgbọ́n wọn kò wọ ọkọ̀. Èyí ló fẹ́ ya mí ní wèrè. Ọkọ̀ kò fì mọ́, gbogbo Ìwó ti gbọ́, àwọn awakọ̀ mìíràn ti ń béèrè tiwọn. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n.

"Alhaja, ẹ kàn wọlé, ẹ wò ó."

"Mo ti wò ó láti ìta. Ó dára. Ẹ ṣeun."

"Kì í ṣe ìta ni wọ́n ti ń wo kọ́nà, Alhaja."

"Ìwọ Àgànyìn yìí, ṣé èmi ni mo ni ọkọ̀ àbí ìwọ?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí ìjọba kéde lórí rédíò pé kí àwọn àjòjì tí kò níwèé máa lọ sílé wọn. A rí wọn lójú ọ̀nà Ìbàdàn, wọ́n ru báàgì, wọ́n gbé ọmọ pọ̀n. Mo ń wò wọ́n láti abẹ́ máńgòrò bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn mí. Kí ló máa kàn mí? Yorùbá ni mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn aláṣọ ìjọba dé ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n bi ẹni tó ń ta ọ̀dà níwájú wa pé, "Wọ́n ní Àgànyìn kan ń ṣiṣẹ́ níbí." Ọkùnrin náà kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó nawọ́ sí mi, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Òun nìyẹn."

Ọ̀gá Lásísì fò dìde. "Kì í ṣe Àgànyìn! Yorùbá ni!"

Ẹni tó ń ta ọ̀dà náà ti wá mọ ohun tó ṣe. Ó ké, "Yorùbá ni o! Yorùbá gidi ni!" Gbogbo wọn pa ẹnu pọ̀, wẹ́dà, Jímọ̀, àwọn tó ń kọjá lọ. Gbólóhùn tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ láti ọjọ́ tí mo ti dé, ọjọ́ náà ni wọ́n rántí rẹ̀.

Olórí àwọn aláṣọ ìjọba náà wò wọ́n yíká. "Kí ló dé tí ẹ fi ń pè é ní Àgànyìn?"

Wọ́n gbé mi sẹ́yìn ọkọ̀ wọn, a sì forí lé Ìbàdàn.

Inú ọgbà kan ni wọ́n kó wa sí, abẹ́ òrùlé páànù. Télọ̀ wà níbẹ̀, olùkọ́ wà níbẹ̀, obìnrin tó ń ta ẹja wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan bi mí ní ibi tí mo ti wá, mo la ẹnu, n kò sì mọ èyí tí màá sọ. Nílé lọ́hùn-ún, àwọn tó ń ṣe ìjọba ní Kútọnu máa ń wò wá bí ẹni pé Nàìjíríà la ti wá. Níhìn-ín, wọ́n ní Kútọnu ni mo ti wá. Ẹni tó fa ìlà sórí ilẹ̀ kò bi àwọn bàbá wa léèrè, ìlà náà sì ti wá gba àárín èmi gan-an kọjá. Ìbínú ni mo fi jókòó síbẹ̀, kì í ṣe ẹkún. Irin méjì tí mo fi sábẹ́ ọkọ̀ Alhaja ń ṣiṣẹ́, obìnrin tí mo fi í síbẹ̀ fún kò sì tíì jókòó lé e lórí.

Oòrùn ti ń yẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́nu géètì. Kò sí ohùn mìíràn tó le tó bẹ́ẹ̀ láyé.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi! Ọmọ ilé mi wà nínú ibí!"

Alhaja Sàlámọ̀ ni. Ìborùn wọn funfun, kò sí eruku lára rẹ̀. Ọ̀gá Lásísì tẹ̀ lé wọn, Jímọ̀ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn wọn.

Olórí níbẹ̀ bi wọ́n, "Ìyá, ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Ilé mi ló ń gbé."

"Ṣé ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ni?"

"Mi ò ní purọ́ fún yín, mo ti lọ Mẹ́kà. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n èdè wa ló ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n sọ dáadáa."

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá Lásísì sọ fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ mi kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní Ìwó. Olórí náà bèèrè ẹni tó máa dúró fún mi títí n ó fi ṣe ìwé ìgbélùú.

"Èmi tí mo dúró síwájú yín yìí," ni Alhaja wí, "ṣé ẹ rò pé mo wá ṣeré ni? Ṣé ẹ mọ ohun tí mo wọ̀ wá síbí?"

Wọ́n dá mi sílẹ̀.

Jímọ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ fún mi bó ṣe jẹ́. Bí wọ́n ṣe gbé mi lọ, ló ti sáré lọ sílé lọ sọ fún Alhaja. Wọ́n wọ ìborùn, wọ́n jókòó síwájú, wọ́n ní kó máa lọ. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ìjókòó mú, wọ́n ń ṣàdúà láti Ìwó. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ kọ́nà tó wà nísàlẹ̀ òkè, Jímọ̀ fẹ́ dúró kí wọ́n lè sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló ní kí o dúró?" Ó wọ kọ́nà náà. Nígbà tí wọ́n jáde níbẹ̀, Alhaja wo ẹ̀yìn, wọ́n pe orúkọ Ràbíátù, wọ́n sì ní kí Jímọ̀ sáré.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, iwájú ni wọ́n tún jókòó sí, èmi àti ọ̀gá wà lẹ́yìn. Mo fẹ́ dúpẹ́, wọn kò gbà.

"Kí lo fi sábẹ́ ọkọ̀ yìí? Ó le bí òkúta. Gbogbo ihò tó wà lọ́nà ni mo ti mọ̀ lórúkọ. Ẹ̀yìn mi ń ro mí. Tí a bá délé, kí o wá nǹkan ṣe sí i."

"Alhaja, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ lè yan ọ̀kan: kó rọ̀, kó máa fì, tàbí—"

"Mo ní kí o wá nǹkan ṣe sí i. O tún ń bá mi jiyàn."

Ọ̀gá Lásísì tẹ ẹsẹ̀ mi kí n dákẹ́. Alhaja ń bá ẹjọ́ wọn lọ, lórí ọkọ̀, lórí ìjọba, lórí bí mo ṣe rù, lórí ìyàwó tí wọ́n gbọ́ pé gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́ ní mo ti fẹ́ tí n kò fi hàn wọ́n. Ẹnu wọn wá ń fà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn Lálúpọn, n kò gbọ́ wọn mọ́. Mo na ọrùn wò wọ́n. Orí wọn ti fara ti ìjókòó, ìborùn ti yọ̀ sí èjìká, wọ́n sì ti sùn fọnfọn. Jímọ̀ yíjú sí wọn, ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀.

Mo gbé ìka sẹ́nu, mo sì nawọ́ sí ọ̀nà níwájú pé kó máa lọ.